Òróòro Tí A Yọ, Ìrora Tí Ó Kù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé a kì í sábà ka ọ̀rọ̀ ẹran inú mọ́ ìtàn. Ìtàn ọba ni a mọ̀, ìtàn ogun, ìtàn òwò. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn ní ìtàn, àwọn tí ó ń tọ́jú ara ènìyàn sì ní ìtàn tiwọn, èyí tí ó kún fún àṣeyọrí àti àṣìṣe gan-an bí ìtàn àwọn ọba ti rí. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ó fà á tí ènìyàn fi lè dùbúlẹ̀ kí oníṣẹ́ abẹ yọ òróòro rẹ̀, kí ojú abẹ jinná, kí ìrora inú tí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀? Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òróòro, àti pé ohun tí ó ti ń pa àwọn aláìsàn lára jù ni ìdánilójú tí ó yá jù: kí oníṣègùn sọ pé òun ti rí ìdí àìsàn kí ó tó wá a, tàbí kí ó sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ kí ó tó wò ó.

Kò sí ẹni tí ó ti pa adìẹ rí tí kò mọ òróòro. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé ni, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀. Ẹni tí ń kun ẹran a máa fi ọgbọ́n yọ ọ́ kí ó má ba à bẹ́, nítorí bí ó bá bẹ́ sí ẹran lára, ẹran di kíkorò nìyẹn. Òróòro ọ̀nì ni àwọn àgbà tilẹ̀ ń bẹ̀rù bí ẹni bẹ̀rù májèlé. Ṣùgbọ́n omi kíkorò yìí kì í ṣe ọ̀tá ara. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é. Àpò òróòro wulẹ̀ jẹ́ àká tí a ń kó o pamọ́ sí títí di ìgbà tí a bá jẹun. Bí oúnjẹ ọlọ́ràá bá dé inú ìfun, àpò náà a fún ara rẹ̀ pọ̀, omi rẹ̀ a sì gba ojú ọ̀nà tóóró kan lọ pàdé oúnjẹ náà. Ẹṣin kò ní àpò yìí. Erin kò ní in. Ẹyẹlé pẹ̀lú kò ní in, bí ẹni tí ó bá ti kun ẹyẹlé rí ti lè jẹ́rìí. Síbẹ̀ gbogbo wọn ní omi òróòro, nítorí pé gbogbo wọn ní ẹ̀dọ̀.

Bí omi inú àpò náà bá ki jù, tàbí tí àwọn ohun tí ó pò mọ́ ọn kò bá wà ní ìwọ̀n, ó lè dì, kí ó di òkúta. Òkúta mìíràn kéré bí iyanrìn, òmíràn tóbi bí ẹyin ẹyẹlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní òkúta nínú òróòro tí kò dùn wọ́n rí títí wọ́n fi kú.

Ṣáájú ọdún 1882, ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń gbìyànjú ni láti la àpò náà, kí wọ́n kó òkúta inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi àpò sílẹ̀. John Bobbs ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1867, obìnrin tí ó ṣe é fún sì yè. Carl Langenbuch, ọ̀gá ní ilé ìwòsàn Lazarus ní ìlú Berlin, ni ó wí pé èyí kò tó. Bí a bá kó òkúta tí a fi àpò sílẹ̀, òkúta mìíràn yóò tún dì níbẹ̀. Àpò ni ó ń bí òkúta. Ó fi ọdún díẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà lára òkú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje, ọdún 1882, ó yọ òróòro ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan tí ìrora ti ń dà láàmú fún ọdún 16, tí kò sì lè ṣe aláìgba oògùn morphine mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ara ọkùnrin náà kò gbóná, ó sì ń mu sìgá.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí àwa tí a ń kọ́ ìtàn ṣàkíyèsí irú ẹ̀rí tí ó gbé e dúró. A yọ àpò, ìrora lọ. Nítorí náà àpò ni ó fa ìrora. Lára ọkùnrin yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ti ń tàn kálẹ̀ láti Jámánì dé gbogbo ayé, àwọn tí àpò wọn lọ tí ìrora wọn kò lọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní ọdún 1947, Womack àti Crider, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì di ohun tí ó ní orúkọ nínú ìwé ìṣègùn: àwọn àmì àìsàn tí ń tẹ̀lé yíyọ òróòro. Èmi kò fẹ́ràn orúkọ náà. Ó dún bí ẹni pé àìsàn kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ ni kò ju àpò tí a kó oríṣiríṣi nǹkan sí lọ. Òkúta tí ó ṣẹ́kù sí ojú ọ̀nà wà nínú rẹ̀, ọgbẹ́ inú wà nínú rẹ̀, aràn tí ó rá wọ ọ̀nà òróòro wà nínú rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru tí omi òróòro tí kò ní àká mọ́ ń fà wà nínú rẹ̀, ìrora tí kì í ṣe ti òróòro láti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan tí ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn mọ̀ dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá yìí kì í sábà wọ inú ìwé tí a ń kọ́ àwọn ọmọ. Anthony Eden ni. Ní ọdún 1953, òun ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ìjọba Bìrìtìkó, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé òun ni yóò gba ipò lọ́wọ́ Churchill. Inú ti ń run ún tipẹ́, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún náà, wọ́n yọ òróòro rẹ̀ ní London. Nínú iṣẹ́ náà ni abẹ ti pa ọ̀nà òróòro lára, ọ̀nà tóóró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Omi òróòro ń jò sí inú ikùn rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kò sì san. Richard Cattell, oníṣẹ́ abẹ láti Boston, ẹni tí títún ọ̀nà òróòro ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ni wọ́n ké sí. Churchill fẹ́ kí ó wá ṣe é ní London. Cattell kọ̀, ibi tí irinṣẹ́ òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ òun wà ni òun yóò ti ṣe é. Eden ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹfà ọdún 1953 ni Cattell sì so ọ̀nà òróòro rẹ̀ mọ́ ìfun.

Ara rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di olórí ìjọba ní oṣù Kẹrin ọdún 1955. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá tún ọ̀nà òróòro rẹ̀ ṣe kì í bọ́ pátápátá. Ojú ibi tí a ti rán a máa fún mọ́, omi a sé, ibà líle a sì dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 1956, Nasser kéde pé ọ̀nà omi Suez ti di ti Íjíbítì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún náà, Eden lọ kí ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní London, ibà sì gbé òun fúnra rẹ̀ ṣánlẹ̀ níbẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọmọ ogun Bìrìtìkó àti ti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí Íjíbítì. A mọ bí ó ti parí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní, ọdún 1957, Eden fi ipò sílẹ̀, ohun tí ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé ara òun kò le. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn gan-an ni Gánà gba òmìnira.

Àwọn kan wí pé àìsàn òróòro ni ó da ọgbọ́n Eden rú nígbà Suez. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ara wọn le koko nínú ìjìmì ìjọba rẹ̀ ni ó gba ìmọ̀ràn kan náà. Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín yàtọ̀. Ẹni tí ó ní agbára tó báyìí, tí dókítà ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí ó sì ní owó àtigba òkun kọjá, Cattell tún la inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 1957, wọ́n sì tún ṣe é fún un ní ọdún 1970. Bí a bá sì mọ gbogbo èyí lónìí, a mọ̀ ọ́n nítorí pé àkọsílẹ̀ wà. John Braasch, oníṣẹ́ abẹ tí òun náà ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Cattell, ni ó tẹ ìtàn náà jáde ní ọdún 2003. Bí kò bá sí ìwé, ohun tí à bá gbọ́ ni pé ara Eden kò kàn le ni.

Ọba Ìráànù tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, ẹni tí ayé ń pè ní Shah, ni àpẹẹrẹ kejì; èmi kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979 ni wọ́n yọ òróòro rẹ̀ ní New York, òkúta kan sì ṣẹ́kù sí ọ̀nà òróòro rẹ̀. Gbígbà tí Amẹ́ríkà gbà á wọlé fún ìtọ́jú yìí náà ni ó mú kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Tehran kó ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá.

Abẹ tí ó ṣìnà àti òkúta tí ó ṣẹ́kù ṣeé fi ojú rí bí a bá wò ó. Èyí tí ó le ni ìrora tí a wò, tí a wò, tí a kò rí nǹkan kan. Níhìn-ín ni orúkọ Ruggero Oddi ti wọlé. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ní Perugia, ní Ítálì, nígbà tí ó kọ̀wé ní ọdún 1887 nípa òrùka ẹran kan tí ó wà ní ẹnu ibi tí ọ̀nà òróòro ti ń bọ́ sínú ìfun, tí ó ń ṣí tí ó sì ń pa bí ilẹ̀kùn. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dára. Ó pàdánù ipò rẹ̀ ní yunifásítì Genoa, ó lọ ṣe dókítà fún ìgbà díẹ̀ ní Kóńgò, ó sì kú ní Tunis ní ọdún 1913. Ṣùgbọ́n òrùka rẹ̀ wà. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn oníṣègùn ní èrò kan: bóyá òrùka yìí ni ó ń há, tí omi òróòro kò sì rí ọ̀nà jáde, ní ara àwọn tí òróòro wọn ti lọ tí wọ́n ṣì ń rora. Láti ọdún 1974, a ti lè ki ẹ̀rọ gba ọ̀fun wọlé lọ gé òrùka náà láìla ikùn. Wọ́n gé e fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Àwọn kan wí pé ara tù wọ́n.

Ó tó nǹkan bí 40 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó dán an wò ní ọ̀nà tí kò gba àbùkù. Peter Cotton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 214 jọ ní ilé ìwòsàn 7 ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ti yọ òróòro, gbogbo wọn ń rora, àyẹ̀wò kò sì fi ìdínà kan hàn. Wọ́n gé òrùka náà fún àwọn kan. Fún àwọn yòókù, wọ́n ki ẹ̀rọ wọlé, wọn kò gé nǹkan kan. Kò sì sí aláìsàn tí ó mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Nínú àwọn tí wọ́n gé e fún, 23 nínú 100 ni ara tù. Nínú àwọn tí wọn kò gé nǹkan kan fún, 37 nínú 100 ni. Àwọn kan sì gba àìsàn mìíràn, wíwú ẹran tí òyìnbó ń pè ní pancreas, láti inú ẹ̀rọ tí a fi wò wọ́n.

Àwọn mìíràn gbọ́ èyí, wọ́n ní ẹ ò rí i bí, inú ọkàn ni ìrora wọn wà. Ìrònú tí kò jinlẹ̀ nìyẹn. Ohun tí èsì náà fi hàn ni pé òrùka Oddi kọ́ ni ó ń fa ìrora wọn. Kò fi hàn pé wọn kò ní ìrora. Bí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣí ilẹ̀kùn tí kò ṣí, kọ́kọ́rọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀.

Ìwádìí mìíràn tí ó wá láti Netherlands ní ọdún 2019 tún lọ sí ẹ̀yìn sí i. Aláìsàn 1067, ilé ìwòsàn 24, gbogbo wọn ní òkúta nínú òróòro pẹ̀lú ìrora inú. Yálà ìlànà tí ó le ni dókítà fi yan ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni o, yálà ìlànà àtẹ̀yìnwá ni o, nǹkan bí 4 nínú 10 ni ó ṣì ń ní ìrora lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ rántí àwọn tí ó ní òkúta tí kò dùn wọ́n rí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ní ìrora láti ibòmíràn, tí a fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, òkúta ni a ó kọ́kọ́ rí, òkúta náà ni a ó sì dá lẹ́bi. Ó sì ti wá rọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láti yọ ọ́. Láti ìgbà tí Erich Mühe ti yọ òróòro gba ojú ihò kékeré ní Böblingen ní Jámánì ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1985, àwọn tí wọ́n ń yọ tiwọn ti pọ̀ sí i ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti nǹkan bí ọdún 2009.

Mo ti ń yí kiri òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí n bọ̀ sílé, nítorí ilé ni ọ̀rọ̀ Langenbuch ti kan ògiri. Àkókò kan wà tí àwọn dókítà òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkúta òróòro ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ènìyàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí àwọn baba wa mọ̀ ní arómọléegun, tí a tún ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí James Herrick ní Chicago kọ́kọ́ ṣàpèjúwe nínú ìwé ìṣègùn òyìnbó ní ọdún 1910. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó gbé ààbọ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn tí a ń pè ní AS. Lára àwọn SS, ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kì í lò ju 10 sí 20 lọ kí ó tó fọ́. Àwọ̀ tí ó ń jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ fífọ́ yìí ni ẹ̀dọ̀ ń dà sínú omi òróòro, òun ni ó sì ń dì di òkúta dúdú, kódà lára ọmọdé.

Langenbuch wí pé àpò ni ó ń bí òkúta. Lára ọmọ SS, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bí i. Ẹ lè yọ àpò rẹ̀, ó sì lè yẹ kí ẹ yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń fọ́, òkúta tuntun sì lè dì sí ojú ọ̀nà òróòro pàápàá. Yàtọ̀ sí èyí, ìrora inú tí fòníkú-fọ̀ladìde fúnra rẹ̀ ń fà lè jọ ti òróòro tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tipẹ́ pàápàá yóò fi ṣiyè méjì. Ìbéèrè tí àwọn ará Berlin ń béèrè fún ẹnì kan di méjì tàbí mẹ́ta fún tiwa.

Ẹ fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń gbé ní Mowe. Mowe àti Ibafo wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá. Ilé ìwòsàn ńlá kò sí nítòsí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yí i ká: Ṣàgámù wà níwájú, Abẹ́òkúta ní ẹ̀gbẹ́ kan, Ìdí-Àràbà lẹ́yìn ní Èkó, UCH tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957 ní Ìbàdàn. Ó lè jẹ́ pé níbì kan ni wọ́n ti yọ òróòro rẹ̀, kí ìrora sì tún bá a nígbà tí ó ti kó lọ sí ibòmíràn. Kò ní ìwé lọ́wọ́. Ìrora rẹ̀ a di ibà ní ọjọ́ Ajé, a di táífọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Ẹtì, a di ọgbẹ́ inú lóṣù tí ó tẹ̀lé e. Oògùn gbogbo ni yóò mu. Nígbà tí kò bá san, wọn a ní ó ń ṣe àṣejù, ìyá rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ará ilé.

Àwọn ohun tí ó lè yí ìtàn ọ̀dọ́mọbìnrin yìí padà kò ju mẹ́ta lọ, owó kékeré sì ni méjì nínú wọn ń gbà. Ìwé ni àkọ́kọ́, irú èyí tí ó gba ìtàn Eden là: irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n bá nínú, ohun tí àwọn tí ó yẹ òróòro náà wò lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ sọ, àti irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni láti béèrè rẹ̀ kí ó tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Èkejì ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó ń fi ipò ẹ̀dọ̀ hàn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wo inú. Èyí ni ó ń gba owó. Bí ojú bá pọ́n, tí ìtọ̀ dúdú, tí ìgbẹ́ funfun bí ẹfun, tí ibà sì dé pẹ̀lú ìrora ní abẹ́ ìhà ọ̀tún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró de ọ̀la. Ní ọdún 1877 ni Charcot, ní Paris, ti kọ ìbà, ojú pípọ́n àti ìrora yìí papọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì pé ọ̀nà òróòro dí, ó sì ti ń bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ó wù mí jù, nítorí ọwọ́ lásán ni a fi ń ṣe é. John Carnett ni ó kọ́ àwọn dókítà ní ọdún 1926. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ gbọọrọ, dókítà yóò fi ìka kan tẹ ojú ibi tí ó ń dùn ún. Yóò wá ní kí ó gbé orí àti èjìká rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn, kí awọ ikùn le. Bí ìrora bá jẹ́ ti ẹran inú, awọ tí ó le yóò bò ó, yóò sì dín kù. Bí ó bá pọ̀ sí i, a jẹ́ pé ara ògiri ikùn ni ó wà, bóyá iṣan ìmọ̀lára kan ni ó há sí ojú ibi tí abẹ ti kọjá, abẹ́rẹ́ oògùn apara kan ní ojú ibẹ̀ sì lè mú un rọ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ń gbé irú ìrora yìí kiri láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, tí a sì ń fi ẹ̀rọ olówó ńlá wá a nínú ìfun.

Dókítà tí ó jókòó tì mí yìí ti gbà láti fi bí a ti ń ṣe é hàn yín kí a tó gba ìbéèrè. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn.